Sọ́séèjì Tí A Fi Àrọ Ṣe Nílé Ìyá Rísí

Ní ọjà Ìkọ̀tún lọ́sẹ̀ tó kọjá, tòmátò márùn-ún péré ni obìnrin kan tò síwájú mi, ó ní ẹgbẹ̀rún kan náírà. Mo mú ọ̀kan, mo ń yí i wò lọ́tùn-ún lósì. Ó ní, “Bàbá, ẹ rọra o. Tòmátò ni, kì í ṣe ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, owó tí kò tó náírà mẹ́wàá ló ń ra odidi apẹ̀rẹ̀ kan, ẹni tó tà á yóò sì tún bu ata rodo ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì. Ẹ béèrè ènì lónìí, kí ẹ wo ojú tí wọn yóò fi wò yín.

Sùpàgẹ́tì ni mo fẹ́ fi tòmátò náà jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ aláta tí sọ́séèjì wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwa mẹ́rin nígbà kan.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mo sì kọ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan fi mí ṣe ọ̀gá ilé ìdáná ní ilé àlejò wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀gá lórúkọ ni o, nítorí Ìyá Rísí ló ń se oúnjẹ. Mùsùlùmí ni, ó ju ìyá mi lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, kò sì mọ̀wé kà. Fọlákẹ́ ló ń gbé oúnjẹ síwájú àlejò, Búrémọ̀ ló ń wa ọkọ̀ tí a fi ń ra ọjà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, omi ń dà lójú mi níbi tí mo ti ń bó àlùbọ́sà. Ìyá Rísí wò mí títí.

“Ọ̀gá Yunifásítì, ọdún mélòó lẹ lò níbẹ̀?”

“Mẹ́rin, mà.”

“Wọn ò sì dé orí àlùbọ́sà?”

Kò pẹ́ ni máníjà pè mí. Ọ̀gá àgbà tuntun ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Àlàájì ni, ará Ìlọrin, sùpàgẹ́tì aláta tó ní sọ́séèjì ló sì fẹ́. Máníjà ní bí oúnjẹ ọjọ́ náà kò bá dára, òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọn yóò máa gbé iṣẹ́ ìdáná fún, kí àwa mẹ́rin máa lọ sílé. Ìyàwó Búrémọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì lóṣù yẹn ni.

Mo lọ ra sọ́séèjì agolo mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gé gbogbo rẹ̀ sínú ọbẹ̀ tòmátò tó ń hó lórí iná. Ìyá Rísí wọlé, ó mú agolo òfìfo kan nílẹ̀.

“Ẹran kí lèyí?”

“Sọ́séèjì ni, mà.”

“Mo gbọ́. Ẹran kí ni? Ẹ bá mi ka ara ẹ̀.”

Mo yí agolo náà, mo kà á. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Èmi tí mo kàwé ò ka ara agolo. Ẹni tí kò mọ̀wé ló ní kí n kà á.

Fọlákẹ́ ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣà á kúrò nínú ọbẹ̀ jàre. Ta ló máa mọ̀?”

Ìyá Rísí dá a lóhùn pé, “Ọlọ́run.”

Mo ní n ó lọ sọ fún máníjà pé kò sí sọ́séèjì mọ́. Ìyá Rísí tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Láti ìgbà náà lọ kò tún bá mi sọ “ẹ” mọ́. “Ọmọ mi, dákẹ́. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ la wà. Ìkòkò ibí ti bà jẹ́, ilé mi la ó ti sè é. Búrémọ̀, lọ gba ìfun àgbò àti ẹran màlúù lọ́wọ́ alápatà. Sáré!”

Ní ilé rẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìfun náà títí tó fi ń dán. Ó gún ẹran pẹ̀lú ata gígún, aáyù àti ata ilẹ̀. Fọlákẹ́ yá àrọ tuntun lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, a ki àrọ náà bọ ẹnu ìfun, a sì ń ti ẹran wọlé díẹ̀díẹ̀. Tèmi tí mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ nínú omi gbígbóná.

“Má rọ ọ́ yó bí ẹni tó dé ibi oúnjẹ ọ̀fẹ́,” ni Ìyá Rísí wí. Ó fi òwú di ẹnu àwọn yòókù, ó fi abẹ́rẹ́ gún wọn kí atẹ́gùn lè jáde. Nígbà tí wọ́n jinná, a dín wọn.

Mo ti ń mú ṣúgà bọ̀ láti fi pa kíkan tòmátò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Ó gbá mi lọ́wọ́. “Iná ló ń gba kíkan rẹ̀. Sùúrù ni kí o bù sí i.” A se tòmátò, tàtàṣé àti ata rodo títí omi fi gbẹ, kí a tó da òróró àti àlùbọ́sà sí i.

A bọ sùpàgẹ́tì, Búrémọ̀ sì fi ọkọ̀ gbé àwa àti ìkòkò padà sí ilé àlejò. Ní aago kan ọ̀sán, Àlàájì ti jókòó. Fọlákẹ́ sáré wá bá wa lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ó ń sunkún o!”

Ìyá Rísí ní, “Ṣé ó ń jẹun lọ?”

“Ó ń jẹun lọ.”

“Á jẹ́ pé ata ni.”

Ni Àlàájì bá ránṣẹ́ pè mí, ó ń fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí. Ó béèrè ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra sọ́séèjì náà, ó fẹ́ rà lọ sílé. Máníjà ń rẹ́rìn-ín sí mi. Irọ́ kékeré kan ì bá tó o. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí Ìyá Rísí dá Fọlákẹ́ lóhùn, ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀, agolo, ẹlẹ́dẹ̀ àti àìkàwé mi. Máníjà fọwọ́ bojú. Àlàájì gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

“Ta ló ní kí o ka agolo?”

“Ìyá Rísí ni, sà.”

Wọ́n pè é wọlé, ata ṣì wà lára ìró rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Àlàájì ò jẹ́. “Màmá, ẹ ṣé tí ẹ bá mi ṣọ́ ẹnu mi.” Ó wá kọjú sí máníjà: “Ẹ fi ilé ìdáná sílẹ̀ fún wọn. Àmọ́ láti òní lọ, Màmá ni ọ̀gá ibẹ̀. Kí ọ̀mọ̀wé yìí máa bá wọn ka agolo.”

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá wọn ka agolo. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àlàájì ti lọ. Máníjà náà ti lọ. Búrémọ̀ kú ní àgbàlagbà, lórí ibùsùn rẹ̀. Ìyá Rísí lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó sùn, ó sì ń tọ́ ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ wò títí dọ́jọ́ ikú. Fọlákẹ́ wà láàyè ní Ayọ̀bọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹnu ò dùn ún. Èmi náà wà láàyè ní Ìgandò níbí, ebi sì ń pa mí.