Ìyá Agbẹ̀bí Tí Wọ́n Ní Kó Kọrin

Nígbà tí àwọn ọlọ́tẹ̀ ṣì di Bouaké, ìlú wa tó wà lókè Abidjan, mú, tí wọ́n wá ń kọ orúkọ àwọn tó máa dìbò, olùkọ́ ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ran aráàlú lọ́wọ́ kí orúkọ wọn lè wọ ìwé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá a jagun. Orí ìlà la ti ja tiwa.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Sífáwù kò kúrò lọ́kàn mi. Bodokro, nítòsí Bouaké níbí, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ. Agbẹ̀bí ìjọba ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Dar-es-Salam, àdúgbò kan ní Bouaké. Nígbà tí ogun dé, tí àwọn dókítà sá lọ sí Abidjan, kò bá wọn lọ. Ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ló fi ń se àlùmọ́gàjí tó fi ń gé ìwọ́ ọmọ.

Ọ́fíìsì tí ìwé ìbí rẹ̀ wà ti jóná nínú ogun. Ìwé tèmi náà kò pé. La bá jọ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, nínú kíláàsì kan.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọ̀gá wọn ní kí n gbọ́wọ́ sókè, kí n búra pé mo fẹ́ràn ilẹ̀ yìí, kí n kọ orin orílẹ̀-èdè. Faransé mi dán. Mo kọ ọ́ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi, ó gbé e fún mi.

Ó kan Ìyá.

“Orúkọ Anago nìyí,” ni ọ̀gá náà wí. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbí. “Kọrin tìẹ.”

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó sì gbàgbé láàárín.

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí mo kúrò nílé ìwé. Ẹ bi àwọn tó wà lórí ìlà, wọ́n mọ̀ mí.”

“N ò bi ọ́ níṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ á mọ orin rẹ̀.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí mi: “Olùkọ́, ìwé tìẹ ti wà lọ́wọ́ ẹ. Máa lọ.”

Mo di ìwé mi mú, mo sì jáde. Wọn kò kọ orúkọ Ìyá.

Ọjọ́ kejì ni ẹgbẹ́ wa pe àwọn obìnrin àdúgbò jọ. Wọ́n gbé ọmọ tí Ìyá gbẹ̀bí wọn pọ̀n, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé náà. A pariwo títí ọ̀gá fi yọjú. Ó ní bí Ìyá fúnra rẹ̀ bá wọlé kí ọ̀sán tó pọ́n, òun á tún gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn máa kógbá wọlé.

Mo wo ẹ̀yìn, níbi tí Ìyá jókòó sí láàárín wa. Ìyá ti lọ.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ni mo ti bá a, níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ló ń rọbí.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń pè yín!”

“Rábíù, orí ọmọ ti yọ.”

“Wọ́n fẹ́ máa lọ o!”

“Ṣé kí n ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀ ni? Bá mi wá omi.”

Mo bu omi wá. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Nígbà tí ọmọ fi máa ké, mọ́tò ìgbìmọ̀ ti ń lọ. Àwọn ọmọ ogun ọlọ́tẹ̀ yìnbọn sókè, wọ́n sì tú wa ká.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Ìyá fa ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdìbò, ó sì dúró síta. “Ibi tí mo lè dé nìyí,” ló wí. Mo wọlé, mo dìbò.

Àwọn kan lára àwa tá a jókòó lọ́jọ́ náà padà rí orúkọ wọn nínú ìwé ìdìbò. Èrè wa nìyẹn, n kò ní fojú kéré rẹ̀. Ìyá gbẹ̀bí títí agbára rẹ̀ fi tán, ó sì kú láìrí ìwé kankan tó sọ pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀; èmi ni mo fi ẹnu kọrin, tí mo fi ròfọ́ tèmi, mo sì jẹ ẹ́.

Ẹ máa ń pè mí ní ajàjàgbara. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní kí n máa lọ, ó yẹ kí n gbé ìwé mi sórí tábìlì rẹ̀, kí n ní n kò gbà á àfi bó bá kọ orúkọ obìnrin yìí. Ó wá sí mi lọ́kàn. N kò ṣe é. Mo fẹ́ dìbò ni.