Èmi Tí Mò Ń Ta Bọ́kẹ́ẹ̀tì, Tánkì Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Mi Ò Kún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí tánkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì fẹ́ dá sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá ọkọ mi! Tẹ́ ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán o. Mi ò ní í rọra sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní ọjà Ṣàngótẹ̀dó mọ̀ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà. Torí náà, nígbà tí tánkì tó wà lẹ́yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀lẹ, tí omi ń kán sínú ẹ̀ tó, tó, tó, bí ẹni tí wọ́n fipá ní kó sunkún, ṣé ẹ rò pé mo yọ ara mi lẹ́nu? Nítorí kí ni? Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe tán, kó bu omi, kó dà á sí i. Ó parí!

Ọkọ mi, Bàbá Wàsíù, tó ń wa ọkọ̀ tipa lọ sí Lẹ́kkí Free Zone, ní òun máa pe plumber. Ó pè é títí, bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fọ́, mo gbé òmíràn síbẹ̀. A ò rí plumber.

Ibi tá a wà nìyẹn tí ìyá ọkọ mi fi dé láti Ìjẹ̀bú. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọ́n fẹ́ máa gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa ní Ajah. Èmi àti Màmá máa ń ṣẹ̀fẹ̀ gan-an. Ẹnu tèmi mú, tiwọn mú ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, wọ́n wo àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo tò sí pálọ̀, wọ́n ní ṣé ilé yìí ń jò ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi!

Mo fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n. Omi rèé, bọ́kẹ́ẹ̀tì rèé. Wọ́n ní kò burú.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé Màmá ò jẹun mọ́. Mo se ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n tọ́ ọ wò lásán. Mo gbé omi fún wọn, wọ́n kàn fi kan ètè ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tí wọ́n fi itọ́ lásán gbé oògùn mì! Inú ń bí mi o. Àbí wọ́n fẹ́ sọ fún ọmọ wọn pé mi ò mọ oúnjẹ sè ni?

Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá di ẹrù. Wọ́n ní àwọn ń lọ sílé, àwọn ò ṣe ìtọ́jú kankan mọ́. Bàbá Wàsíù wò mí bí ẹni tó rí olè. Ó ní kí ni mo fi ṣe ìyá òun. Mo ní kó lọ bi wọ́n! Ó gba ibi iṣẹ́ lọ, ó fi ìjà sílẹ̀ fún mi.

Mo jókòó ti Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹnu mi tó mú ni? Ẹ gbá mi létí, ká parí ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Wàsíù, bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ ni."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá là á fún mi. Orúnkún wọn ò gbà kí wọ́n gbé omi. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú. Ojú sì ń tì wọ́n láti máa pe ìyàwó ọmọ wọn kó wá da omi lé ìgbẹ́ wọn bí ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ jòjòló. Kí wọ́n má bàa yàgbẹ́, wọn ò jẹ. Kí wọ́n má bàa tọ̀, wọn ò mu.

Ẹ sì wo orí òǹtajà o! Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé mo ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó fúyẹ́ dáadáa. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀: "O tún fẹ́ tà á fún mi?"

Mo so ìró mi le. Mi ò dúró de plumber kankan.

Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ọ̀gá iṣẹ́. Mo ṣí ìdérí tánkì. Mo ti bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú ẹ̀ wálẹ̀, omi ò pọ̀ sí i. Mo ní ó dáa, páìpù ni. Mo tú rọ́bà tó ń gbé omi wọnú tánkì. Ṣé mo rántí láti kọ́kọ́ ti ẹ̀rọ omi tó wà nísàlẹ̀? Rárá! Omi fọ́n mọ́ mi lójú, mọ́ gèlè, mọ́ ògiri. Màmá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kúkú bu ọṣẹ sí i.

Mo ti ẹ̀rọ. Mo nu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: omi tó lágbára tó báyìí, kí ló dé tó fi ń kán tó, tó, nínú tánkì? A jẹ́ pé kì í ṣe páìpù, ẹnu ibi tó ń gbà wọlé ló há. Mo yọjú síbẹ̀. Asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, iyanrìn pupa ti dí i pa! Ẹ̀yin ará Ajah, ṣé ẹ kúkú mọ omi borehole wa, tó pọ́n bí tíì?

Màmá ní, "Asẹ́ tí èèrí bá dí, ṣé ògì á kọjá?"

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. (Bàbá Wàsíù ní kì í ṣe ti àtijọ́. Ìyẹn ò kàn mí!) Mo dá gbogbo ẹ̀ padà, mo ṣí ẹ̀rọ. Ṣàààà! Omi dé ìdajì, ó dúró. Mo yí ìdè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn kó lè gòkè sí i. Tánkì kún!

Màmá tẹ ọwọ́ tánkì fúnra wọn. Gbùùù! Wọ́n dúró kó kún, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá ní kí n jáde, kí n ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Bàbá Wàsíù dé, ìyá ẹ̀ ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ìkọ́kọrẹ́. Ẹrù wọn ti tú. Wọ́n na ife sí mi: "Bu omi wá. Kó kún o, bíi ti tánkì ẹ."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: tí àgbà ò bá jẹun nílé yín, ẹ má wulẹ̀ bínú sí ọbẹ̀, ẹ lọ wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Nǹkan tó bàjẹ́ tó ti mọ́ wa lára, ó lè jẹ́ òun ló ń lé àlejò wa lọ.

Kí ló bàjẹ́ nílé tiyín tẹ́ ẹ fi nǹkan mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀? Ta ló sì ń panu mọ́ jìyà ẹ̀? Ẹ sọ ọ́ síbí, ká jọ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sì fẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ṣì wà ní Ṣàngótẹ̀dó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wo tánkì yín ná!