Ẹni Tó Ń Gé Gbódógì Ọ̀mọ̀wé

Ìyá Eléwé ni gbogbo àdúgbò Ojowo ń pe Asimawu. Ìnagijẹ náà kò péye, nítorí kì í ta ewé mìíràn: gbódógì nìkan ló ń tà, ewé fífẹ̀ tí àwọn olóbì Ìjẹ̀bú-Igbó fi ń di obì kó má baà gbẹ. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń gé e létí odò kan ṣoṣo. Kò ní oko, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Lókè odò náà ni Zechariah ti ń sin adìyẹ. Bí òjò bá rọ̀, ìgbẹ́ adìyẹ a ṣàn wọ inú omi. Ìgbẹ́ tó ń mú àgbàdo sanra mú omi náà sanra jù: ó di aláwọ̀ ewé, ó ń rùn, ẹja sì ń kú. Ni Ọ̀mọ̀wé Bùsúyì bá dé láti yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ó gbin gbódógì sí i létí odò, ó ní gbòǹgbò wọn yóò máa fa ọ̀rá ìgbẹ́ náà mu. Ó so ike pupa tó ní nọ́ńbà mọ́ ọrùn ewé, ó sì ri pátákó mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Asimawu kò mọ̀wé kà. Èyí kì í ṣe àwáwí, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á fún un. Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án, ọ̀bẹ lòun fi ń kàn án. Ìsàlẹ̀ odò, níbi tí pátákó kò ti lè rí i, ló ti ń gé tirẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Zechariah fún Ọ̀mọ̀wé ní obì.

“Ìjọ wa kì í jẹ ẹ́,” ló wí, “ṣùgbọ́n àlejò kì í ti ilé mi lọ lọ́wọ́ òfo.”

Bùsúyì tú ewé obì náà. Ike pupa rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, nọ́ńbà kẹtàdínláàádọ́ta. Kò jẹ obì mọ́. Odò ló gbà lọ, Zechariah tẹ̀ lé e. Wọ́n bá Asimawu pẹ̀lú ìdì ewé lórí itan.

“Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ dé etí odò yìí mọ́.”

Asimawu gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ṣé ẹ ó máa bọ́ mi ní yunifásítì ni? Kó tó dìgbà yẹn, ẹ wo omi.”

Wọ́n wò ó. Lẹ́bàá pátákó, ewé gbígbó ti jábọ́ sínú omi, ó ń jẹrà, omi sì ki bí ọbẹ̀ àná. Níbi tí Asimawu ti ń gé e, ewé tuntun ń yọ, èèyàn sì ń rí yanrìn ìsàlẹ̀ omi.

Ó wá yé Bùsúyì. Ọ̀rá tí ewé fà mu, bí a kò bá gbé ewé kúrò, inú omi náà ló ń padà sí.

“Ọ̀mọ̀wé,” ni Zechariah wí, “ó jọ pé olè yín ló ń bá yín ṣiṣẹ́.”

Bùsúyì fọwọ́ ara rẹ̀ fa pátákó tu. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gé e lọ, títí dé òkè.”

“Títí dé òkè? Èmi nìkan? Ẹ lọ wá ọ̀bẹ tiyín.”

Gbogbo Sátidé ni Ọ̀mọ̀wé ń wá gé gbódógì báyìí. Orí pátákó náà ni Asimawu ń jókòó sí, tí yóò máa ṣa àwọn ewé tí Ọ̀mọ̀wé gé dáadáa sọ́tọ̀. Wọn kì í pọ̀.