Ìgbà Mẹ́ta Tí Mo Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni, Sà

Ìgbà mẹ́ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó sáàárín sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ilé baba mi, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé iwájú rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè-Ogbó, mo sì ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Oyè ọ̀mọ̀wé ni mò ń wá ní yunifásítì, nínú ẹ̀kọ́ tó ń wo bí ẹ̀dá ṣe ń bára wọn gbé: ta ní ń kí ta, ta ní ń bu oúnjẹ, ta lọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lékè. Wọn kò gbà mí lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí mo tún gba fọ́ọ̀mù lọ́dún kejì, mo sọ fún ìyàwó mi pé bí wọ́n bá tún kọ̀, ó tán nìyẹn. N óò máa ya máàpù odò Ọya sójú pátákó títí n óò fi fẹ̀yìn tì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ ṣòkòtò tí n óò wọ̀ lọ dá fọ́ọ̀mù náà padà.

Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ àbá ìwádìí, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tó fẹ́ lọ wò àti bó ṣe fẹ́ wò ó. Àwọn ìyàwó agbo ilé wa ní Ìlódè ni mo kọ tèmi lé lórí. Ní ilé wa, kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń mọ àgbà láàárín wọn, ọjọ́ tí kálukú wọlé ọkọ ni. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n gbé wọlé lóṣù tó kọjá lẹ̀gbọ́n ẹni ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n gbé wọlé lóṣù yìí.

Ìyá Àgbà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo mú bírò àti ìwé dání bí akọ̀wé kóòtù, mo ń da ìbéèrè bo ìyá. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́ ọlọ́pàá ni?" Ó ti àtẹ ẹ̀gúsí síwájú mi pé kí n máa bó o. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bó ẹ̀gúsí kí n tó gbọ́ ohun tó ṣeé kọ. Níbẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé kì í sọ fún ẹni tó jù ú lọ pé irọ́ ló pa. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, ojú mi ló kó bá mi." Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, àgbà náà á sì rẹ́rìn-ín, á gbà.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé. Àwọn mẹ́rin ló jókòó sídìí tábìlì, Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti hewú, ó lè bí mi lọ́mọ. Ó ní nílé wa, ìyàwó tó dàgbà jù lọ́jọ́ orí ló ń ṣáájú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní ọkọ sì lè yí ipò wọn padà bó bá ṣe wù ú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ lọ wádìí níbẹ̀. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí n la ẹnu sọ nǹkan mìíràn. Obìnrin olùkọ́ tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ dé bírò rẹ̀ lórí. Mo rí odò Ọya lójú pátákó kedere.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pa fáìlì dé. Ó béèrè pé ṣé èmi gan-an ni mo kọ ìwé yìí.

Mo wá Gẹ̀ẹ́sì tí n óò fi sọ ọ́ tí kò ní jọ àfojúdi, n kò rí. Ni mo bá bọ́ sí Yorùbá: "Ẹ má bínú, sà. Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, ojú mi ló kó bá mi."

Mo wá tú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀. Mo sọ nípa obìnrin onírun orí funfun kan tí mo rí tó kúnlẹ̀ kí ẹni tó kéré sí i nítorí pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ìyẹn fi ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú.

"Mo ti ń dúró dè ẹ́ láti àárọ̀," ni ó wí. "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ní òpùrọ́ báyìí?"

Mo ní, "Ìyàwó ilé wa ni, sà."

Nígbà tí lẹ́tà ìgbaniwọlé dé, mo gbé e lọ sí Ìlódè. Ìyá Àgbà ṣàdúrà, ó jó díẹ̀, ó wá ní kí n ka ohun tí mo kọ nípa wọn fún òun. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé ipò ìyàwó kì í yí padà láé, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Dókítà," ni ó wí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, ojú mi ló kó bá mi."

Ipò kẹrin ni mo kọ òun fúnra rẹ̀ sí, mo sì rò pé òun ni ìkẹrin tó wọlé. Ó ní rárá o, òun ni àkọ́kọ́. Ó ní ọdún kan wà tí òun bínú kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, tí òun lo oṣù mẹ́wàá nílé bàbá òun ní Ẹdẹ. Kí òun tó padà dé, ìyàwó mẹ́ta ti wọ agbo ilé. Ẹ̀yìn wọn ni òun ti tún bẹ̀rẹ̀, tí òun ń kúnlẹ̀ kí ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí òun ti gbé pọ̀n rí nígbà tó wà ní kékeré.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Wọ́n rò pé ọjọ́ tí lẹ́tà dé ni. Ọjọ́ yẹn náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sán, níwájú Ìyá Àgbà. Mo fa ìlà sí ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fa àtẹ ẹ̀gúsí mọ́ra, mo ní, "Ó yá, ìyá. Kí lojú yín tún rí?"