Obìnrin Mẹ́rìnlélógún Tí Mo Dá Lẹ́bi

Ẹ̀yin tíṣà ìwòyí tí ẹ ń bi mí bí ìyanṣẹ́lódì wa ṣe dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ọyẹ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni. Wọ́n ti lé mẹ́fà nínú wa lẹ́nu iṣẹ́, a sì ti jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nítorí wọn. A wá pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Òmù-Àrán láti dìbò: ká padà ni, àbí ká dúró? Bí a bá padà, àwọn mẹ́fà náà gbé nìyẹn.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ọkùnrin jókòó lọ́tùn-ún, obìnrin lósì, kálukú pẹ̀lú agbọ̀n ìbò tirẹ̀. Èmi tíṣà ìṣirò ni mo ka ìbò, mo fa ilà sára pátákó. Obìnrin ọgọ́ta: mẹ́rìnlélógún ní ká padà, mẹ́rìndínlógójì ní ká dúró. Ọkùnrin ogún: méjìdínlógún ní ká padà, méjì ní ká dúró. Àwọn tó ní ká padà ló borí.

“Ta ló dà wá?” Láyí, tíṣà eré ìdárayá, ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Inú ń bí mi, n kò rò ó dé ìsàlẹ̀. Mo ní, “Méjìlélógójì ló ní ká padà, mẹ́rìnlélógún nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ó ju ìdajì lọ!”

Háà, ẹnu mi yìí! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ọkùnrin dìde, wọ́n yí Màmá Dúró, olórí àwọn obìnrin wa, ká. “Ẹ dà wá! Ẹ dà wá!” Màmá di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó wò mí.

“Àbúrò mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣírò ó nìyẹn?”

Mo yíjú sí pátákó, mo tún un wò. Ó yẹ kí n wo obìnrin láàárín obìnrin, kí n wo ọkùnrin láàárín ọkùnrin. Mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́ta: mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá. Méjìdínlógún nínú ogún: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá! Àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀ torí pé wọ́n pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ni. Àwa ọkùnrin la dalẹ̀.

Ọkùnrin méjì péré ló ní ká dúró. Èmi ni ọ̀kan. Mo wo àwọn mọ́kàndínlógún yòókù, gbogbo wọn ló ń pariwo. Ta wá ni ẹnì kejì mi? N kò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, orí mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọ́. Mo mú dọ́sítà, mo ń nu ibi tí kò dọ̀tí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹnì kan fi ju àga. Ẹsẹ̀ àga ba Màmá lójú, ó ṣubú.

Ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ ni mo tó ké: “Èmi ni mo ṣì í ṣírò! Àwa ọkùnrin ni!” Mo kọ ọ́ fún wọn, ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láyí ló kọ́kọ́ jáde.

A padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mẹ́fà kò padà títí dòní. Èrè wa kò ju pé láti ọjọ́ náà, a kì í ka ìbò ọkùnrin tàbí obìnrin láìkọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n jẹ́.

Mo lọ bẹ Màmá nílé rẹ̀ ní Àrán-Ọ̀rin. Ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó bu omi fún mi mu ná.

“Àṣìṣe ìṣirò, mo ti fi jì ọ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣì í. Ìbéèrè kan ló kù. Kí àga yẹn tó bà mí, ṣé o ti mọ̀?”

Mo mu omi náà tán, mo dìde, mo lọ. Màmá ti di olóògbé báyìí, èsì yẹn sì wà lọ́rùn mi. Ẹ̀yin ni mo wá ń sọ ọ́ fún: bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ti mọ̀.