Ìsinmi Tí Fúnṣọ́ Kò Gbà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi Fúnṣọ́ pé ta ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Á ní, "Ẹni tí mo máa ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ láràárọ̀ ni." Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ó ti pẹ́ ní Manchester, àdúgbò Levenshulme ni òun àti Bùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé. Iṣẹ́ wáyà kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá tó wà ní Bolton ni wọ́n máa ń pè é sí jù, yóò gun àkàbà lọ sókè àjà, yóò sì na wáyà láti igun kan dé èkejì. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń bá a wáṣẹ́ sọ fún un pé àwọn kì í gba ẹni tí kò bá ní company tirẹ̀. Ló bá forúkọ company sílẹ̀. Òun nìkan ni director, òun nìkan ni òṣìṣẹ́. Bàbá rẹ̀ nílé tilẹ̀ ń pè é ní Máníjà lórí fóònù.

Ọjọ́ tí Máníjà kò bá jáde, kò sówó ọjọ́ náà. Bí òtútù mú un, kò sówó. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kì í rò ó mọ́. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Andrew, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Stockport Road, ló ń bá a ṣe ìṣirò company, òun náà ló ń bá a ṣètò owó oṣù táṣẹ́rẹ́ tí Fúnṣọ́ ń san fún ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń ríra.

Ọdún kẹfà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó ni Bùsọ́lá tó lóyún. Ilé àwọn arúgbó kan ní Eccles ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tó sọ fún wọn níbi iṣẹ́, wọ́n ti bá a ka iye oṣù tí yóò fi jókòó sílé. Ó délé, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ìwọ ńkọ́? Leave tìẹ ńkọ́?"

"Ta ni mo fẹ́ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún ara mi ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Oyún náà kò tíì pé oṣù méje nígbà tí ìrọbí ṣàdédé mú Bùsọ́lá. Obìnrin ni ọmọ náà. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òrùka ìgbéyàwó Fúnṣọ́ ìbá gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ìgbúnwọ́. Inú àpótí onídígí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, pẹ̀lú rọ́bà ní imú àti wáyà láyà. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n dúró ti àpótí náà, pásítọ̀ wọn gbàdúrà lórí fóònù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àánúolúwa. Láti ọjọ́ náà ni Bùsọ́lá ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní Daddy Àánú.

Ṣùgbọ́n Daddy Àánú ti padà síṣẹ́ kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Bolton ló pè é pé bí kò bá lè wá, àwọn á pe ẹlòmíràn. Ó ń jáde nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń dé ọsibítù, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti fi aṣọ bo àpótí kí ọmọ lè sùn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé ọ̀sán ni àwọn máa ń gbé ọmọ lé òbí láyà, láìsí aṣọ láàárín wọn. Ó ní irú ọmọ báyìí fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ìyá rẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́. "Tó o bá wá lọ́sàn-án, yóò kàn ọ́."

Ó dá Sátidé. Nígbà tí Sátidé pé, èémí ọmọ kò já gaara, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Sátidé kejì, wọ́n pè é síṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bùsọ́lá dì í mú lápá lẹ́nu ọ̀nà. "Daddy Àánú, jọ̀ọ́, má lọ lónìí. Ikùn ọmọ yẹn le lánàá, kò sì gba wàrà dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ta ló máa sanwó fún mi tí mi ò bá lọ? Jẹ́ kí n parí ti Bolton yìí kí ọmọ tó wálé. Tó bá ti wálé, màá jókòó tì yín títí ẹ ó fi lé mi."

Bùsọ́lá tú apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó jẹ́ kó lọ.

Orí àkàbà ló wà lọ́sàn-án tí fóònù dún. Bùsọ́lá ni, kò sọ ju "Máa bọ̀" lọ. Ọ̀nà dí. Nígbà tó fi máa dé, àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ìfun ọmọ náà ti borí gbogbo ohun tí àwọn dókítà lè ṣe. Bùsọ́lá gbé e mọ́ra, kò sí rọ́bà, kò sí wáyà mọ́. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí rọra bi í pé, "Ṣé wàá gbé e?"

Fúnṣọ́ tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, eruku ilé ìkẹ́rùsí ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ọmọ náà lé e láyà. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí Fúnṣọ́ ti ń mí, orí kékeré náà ń bá àyà rẹ̀ lọ sókè, ó ń bá a wá sílẹ̀, àfi bíi pé ọmọ náà ló ń mí. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín ló padà sí Bolton. Kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe.

Nígbà tí àsìkò ìṣirò company tó, ó lọ bá Andrew. Andrew béèrè àlàáfíà rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń béèrè, Fúnṣọ́ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Òyìnbó náà yọ awò ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Kí ni mo fẹ́ pè ọ́ fún? Contractor ni mí. Kò sí leave fún wa."

"Company rẹ lò ń ṣiṣẹ́ fún, Fúnṣọ́. Ó ń san owó oṣù fún ọ, ìjọba sì mọ̀. Owó ìsinmi bàbá ọmọ tọ́ sí ọ. Wọ́n tilẹ̀ ní tàwọn òbí tí ọmọ wọn bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ní ọsibítù. Company á san án fún ọ, ìjọba á dá a padà fún company." Ó wolẹ̀. "Kì í ṣe owó ńlá. Kò tó nǹkan tó ò ń gbà ní Bolton. Ṣùgbọ́n ì bá gbé yín dúró."

Fúnṣọ́ ń wo ẹnu rẹ̀. Andrew tún rọra sọ pé èyí tí wọ́n ń fún òbí tó pàdánù ọmọ wà pẹ̀lú, ọ̀sẹ̀ méjì, àkókò rẹ̀ kò sì tíì kọjá.

"Ṣe ìyẹn fún mi," ni Fúnṣọ́ wí, ó sì sọ̀kalẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé, kò lè wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé.

Ó bá Bùsọ́lá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó jókòó, ó sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Ìyẹn ni pé ò bá wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lójoojúmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùsọ́lá. Sọ̀rọ̀ sí mi. Bú mi."

Kò bú u. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń sọ fún un? Tó bá ti lajú, màá ní, Daddy ẹ ń bọ̀. Mo sọ ọ́ fún un títí." Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, Fúnṣọ́ kò sì mọ̀ bóyá ó tọ́ kí òun fọwọ́ kàn án.

Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì náà. Wọn kò bá ara wọn jà, wọn kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò dáná, Bùsọ́lá yóò jẹ díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bùsọ́lá ní òun fẹ́ padà síṣẹ́, pé ilé ń lé òun. Fúnṣọ́ sìn ín. Nínú tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó ń lọ sí Eccles, obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé, ọmọ náà sì ń ké. Bùsọ́lá di etí ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀.

Lẹ́nu géètì ilé àwọn arúgbó, ó ní, "Máa lọ sílé."

Fúnṣọ́ kò lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀ nínú òtútù, kò rí ohun kan ṣe, títí Bùsọ́lá fi ṣíwọ́. Nígbà tó rí i níbẹ̀, ó dúró wò ó díẹ̀, ó sì wá jókòó tì í. Tram dé, wọn kò dìde. Òmíràn tún dé, ó tún lọ.