Pákó Àlùwàlá Sùlèímánì

Ṣé ohun tí èèyàn ń ṣe déédéé nítorí Ọlọ́run lè di ohun tí ẹranko fi ń ṣọ́ ọ? Mo ti gbé ìbéèrè yìí dé orí ẹní ìkírun mi láìmọye ìgbà. N kò tíì rí èsì. Sùlèímánì ará Awoye, ìletò orí omi, ló gbé e lé mi lọ́wọ́.

Apẹja ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní gbogbo etí odò yẹn, kò sí ẹni tó mọ ìwà ọ̀nì tó o. Òun ló máa ń sọ pé abo ọ̀nì a sin ẹyin rẹ̀ sínú ilẹ̀, a sì jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta, bóyá ni yóò jẹun. Bí ọmọ bá ké nínú ẹyin, ìyá á hú u, á fi ẹnu tó ń fọ́ eegun yẹn kó wọn lọ sómi, láìṣe ọ̀kan nínú wọn léṣe. Nígbà tí òkun ya wọ odò, tí ẹja omi dídùn ń kú, ọ̀nì kò kú. Sùlèímánì ní Ọlọ́run lu ihò wẹ́wẹ́ sí ahọ́n rẹ̀, ibẹ̀ ni iyọ̀ ń gbà jáde.

"Bàbá Rekiyat," ni Bàdírátù ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, "bí ẹ bá mọ ìwà mi bí ẹ ṣe mọ ti ọ̀nì, ǹ bá ti sanra."

"Ìwọ náà, lọ fi ẹnu gbé ọmọ ná."

Olówòkéré aládùúgbò wọn a sì ké láti inú ọkọ̀ rẹ̀: "Ọkọ ọ̀nì! Ìyàwó rẹ kékeré ti yọjú lórí omi o!"

Gbogbo wọn a bú sẹ́rìn-ín.

Orí òpó ni ilé wọn wà. Sùlèímánì kan pákó kan mọ́ òpó, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ojú omi, kí Bàdírátù lè rí ibi ṣe àlùwàlá. Lórí pákó yìí kan náà ni Sùlèímánì ti ń la inú ẹja nírọ̀lẹ́, tó ń da ìfun rẹ̀ sómi, kó tó fọ̀ ọ́ mọ́ de ìrun Mọ̀gàríbì. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀nì kì í gbàgbé ibi tí oúnjẹ ti wá, pé ó mọ wákàtí ju ẹni tó ń pe ìrun lọ. Òun ló ń kìlọ̀ fún ará àdúgbò pé kí wọ́n má ṣe máa bu omi lójú kan náà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n pákó yẹn, ó kà á mọ́ ibi ìjọsìn. Ó gbà pé ẹni tó ń wẹ ọwọ́ fún Ọlọ́run, Ọlọ́run ni yóò ṣọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́ Àlàmísì kan, ó ń tún àwọ̀n ṣe nínú ilé. Ó ń gbọ́ Bàdírátù tó ń fi omi yọ ẹnu nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

"Bàdírá?"

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ wà ní ìdúró lórí pákó, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Odò pa lọ́lọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Olówòkéré fi wa ọkọ̀ kiri. Ìborùn Bàdírátù nìkan ni wọ́n rí. Láti ọjọ́ náà, Olówòkéré kò pe ẹnikẹ́ni ní ọkọ ọ̀nì mọ́.

Sùlèímánì kò fi omi ṣe àlùwàlá mọ́. Iyanrìn ló ń fi pa ojú àti ọwọ́, bí ẹni tó wà ní aṣálẹ̀. Ìmáámù bá a wí: "Sùlè, omi yí ọ ká. Ìrun rẹ ò pé."

"Mo mọ̀, Àáfà."

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù nìyẹn: àdúà tó ń ṣe fún Bàdírátù lè má dé ibì kankan.

Lọ́jọ́ tó pé ọdún kan, èmi ọ̀rẹ́ Rekiyat ọmọ rẹ̀ lọ kí i. Mo sọ ohun tí a máa ń sọ: pé kádàrá ni, pé ẹni tó kú lórí àlùwàlá, ikú rere ló kú. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

"Kádàrá ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ̀nì ní wákàtí rẹ̀."

Iyọ̀ tiwa, ojú ló ń gbà jáde.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ó gbé kẹ́tù yẹn, ó nà án sí mi.

"Khalidat, ọmọ mi, mo fẹ́ kírun fún un lónìí, kó pé. Bá mi bu omi wá. Má dé ibi pákó o. Lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Olówòkéré, dúró lókè, fi okùn sọ korobá sódò. Kí o sì máa sọ̀rọ̀ sókè títí o ó fi padà dé, ohunkóhun tó bá wá sí ọ lẹ́nu. Jọ̀wọ́, má ṣáà dákẹ́."